Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Èsì: Ṣónẹ́kàn, lọ́yà UAC tó di olórí Nàìjíríà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Nínú èyí tó jáde kọjá la ti to orúkọ gbogbo àwọn tó ti jẹ olórí Nàìjíríà láti 1960, tá a wá dé orí Olóyè Ernest Ṣónẹ́kàn, a kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé "oníṣòwò, kò lò tó oṣù mẹ́ta," a sì kọjá lọ. Háà! Ìlà kan ṣoṣo yẹn ló kó lẹ́tà wá bá wa bí òjò. Àwọn kan ní a fojú di bàbá, àwọn míì ní kí ló tiẹ̀ dé tá a fi kọ orúkọ ẹ̀ sí i rárá. Torí ẹ̀ la ṣe ní kí òun nìkan gba gbogbo ojú ewé yìí lọ́tẹ̀ yìí. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, a sì yọ èébú inú wọn.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yunifásítì ni mí, wọn ò kọ́ wa nípa Ṣónẹ́kàn yìí rí nílé ìwé. Ta ni bàbá yẹn gan-an, iṣẹ́ wo ló ń ṣe kó tó débẹ̀? – Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

Àbúrò mi, ẹ̀bi ẹ kọ́, àwọn tó kọ ìwé yín náà ló ń sáré kọjá lórí ẹ̀. Ernest Adégúnlẹ̀ Ọládẹ̀ìndé Ṣónẹ́kàn, Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 1936, àmọ́ ọmọ Ẹ̀gbá ni, Abẹ́òkúta ni bàbá ẹ̀ ti wá, iṣẹ́ ìjọba sì ni bàbá náà ń ṣe. CMS Grammar School ló lọ, ó tún lọ Igbobi College, ó wá kàwé òfin ní University of London, ó di lọ́yà. Lọ́dún 1964 ló wọ UAC, ilé iṣẹ́ òwò ńlá kan. Ọmọ ọdún 28 ni nígbà yẹn, kì í sì í ṣe pé wọ́n gbé àga ọ̀gá kalẹ̀ dè é o, lọ́yà kékeré ni wọ́n gbà á sí, ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfin nínú ilé iṣẹ́ náà, ìyẹn iṣẹ́ ká máa ka ìwé àdéhùn láàárọ̀ lálẹ́, ká máa wo ibi tí gbólóhùn kan ti lè di ẹjọ́ lọ́la. Ó di igbákejì olórí ẹ̀ka òfin. Nígbà tó máa fi pé ọmọ 40 ọdún ó ti wà nínú bọ́ọ̀dù. Ó lọ kọ́ nípa ìṣàkóso ilé iṣẹ́ ní Harvard Business School. Ní 1980, wọ́n fi í ṣe alága, wọ́n tún fi í ṣe MD, ìyẹn ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́, ipò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn, torí òun ló máa tú gbogbo ìtàn yìí. Táwọn èèyàn bá ti gbọ́ "oníṣòwò," ẹni tó fi owó ara ẹ̀ dá ọjà sílẹ̀ ni wọ́n máa ń rò. Ṣónẹ́kàn ò sí nínú irú àwọn yẹn. Òṣìṣẹ́ ni, òṣìṣẹ́ tó gòkè dé orí òkè pátápátá. Ẹni tó wà lókè ló ń rí iṣẹ́ ẹ̀, tó ń gbé e ga, gbogbo ìgbà tó sì gòkè láyé ẹ̀, látòkè ni wọ́n ti nawọ́ fà á. Kò fìgbà kan dúró níwájú èrò kó ní kí wọ́n dìbò fún òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé UAC tó ń ṣe Gala yẹn náà ni, àbí òmíì ni? – Ìyá Ìbejì, Ìlọrin

Òun náà ni Mà. Gala táwọn ọmọ ń sáré tẹ̀lé mọ́tò láti tà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ti UAC ni, láti 1962 ló ti wà. Mr Bigg's náà, tiwọn ni, 1986 ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí Ṣónẹ́kàn wà lórí àga gan-an nìyẹn. Àwọn tó bá dàgbà díẹ̀ á rántí Kingsway Stores, ibi tí wọ́n ti ń kó ọmọ lọ rí Father Christmas, UAC náà ló ni í.

Àmọ́ Gala kéré nínú ọ̀rọ̀ UAC o. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ kan wà, Royal Niger Company, tí George Goldie jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Lọ́dún 1886 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún wọn níwèé àṣẹ pé kí wọ́n máa ṣòwò lẹ́bàá Odò Ọya, kí wọ́n sì máa ṣèjọba níbẹ̀. Ìjọba o! Wọ́n ní ọmọ ogun tiwọn, wọ́n ní kóòtù tiwọn, wọ́n ń gba owó orí ẹrù tó ń wọlé tó ń jáde. Nígbà tí London wá gba ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ wọn ní 1900, £865,000 ni wọ́n san fún ilé iṣẹ́ náà, bí ìgbà tí wọ́n bá rà á lọ́wọ́ onílẹ̀, onílẹ̀ gan-an ò sì rí nǹkan kan gbà. Lever Brothers ra Niger Company ní 1920, ní 1929 wọ́n wá pa á pọ̀ mọ́ African and Eastern Trade Corporation, ibẹ̀ ni United Africa Company ti jáde. Epo pupa, èkùrọ́, kòkó, ẹ̀pà, wọ́n ń rà á lọ sókè òkun, wọ́n ń kó aṣọ àti ọjà wá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìlú ọjà kan ní Nàìjíríà tí UAC ò ní ṣọ́ọ̀bù sí láyé ọjọ́un.

Lẹ́yìn òmìnira, òfin jáde ní 1972, òmíì tún jáde ní 1977, pé ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ìpín tó jọjú nínú irú àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó wá nílò ọmọ onílẹ̀ tó mọ òfin, tó mọ̀wé, tára wọn balẹ̀ sí, lórí àga ńlá. Ìgbà yẹn gan-an ni ọjọ́ orí Ṣónẹ́kàn ṣe rẹ́gí. Mi ò sọ pé kò mọṣẹ́ o, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, mo kàn ń sọ pé àsìkò náà bá a mu. Kẹ́ ẹ tún wá wo nǹkan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín: ilé iṣẹ́ tó ti ṣèjọba rí kí Nàìjíríà tó máa jẹ́ Nàìjíríà, òun náà ni ọ̀gá ẹ̀ tún wá lọ ṣèjọba ní 1993.

Olóòtú, kí ló dé tó fi jẹ́ òun ni Babangida mú? Ṣé olóṣèlú ti tán nílẹ̀ yìí ni? – Lánlọ́ọ̀dù, Àkúrẹ́

Bàbá, àwọn olóṣèlú pọ̀ bí eṣú nígbà yẹn, Babangida fúnra ẹ̀ ló ń lé wọn. Kó tó di 1993, ó ti kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀ fún wọn, SDP àti NRC, ó sún ọjọ́ ìgbéjọbafúnni síwájú, tó di 1992 táwọn olóyè òṣèlú náwó nára láti jáwé olúborí nínú ìdìbò abẹ́lé, ó tún wọ́gi lé e. January 2, 1993 ló yẹ kó lọ tẹ́lẹ̀, ó sún un sí August 27. Àwọn èèyàn ti ń bínú, àwọn òyìnbó tí Nàìjíríà jẹ ní gbèsè náà ti ń wò ó pé ọ̀gbẹ́ni yìí ò fẹ́ lọ. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986, ti ba náírà jẹ́, iye tí ìjọba ń ná ju iye tó ń wọlé lọ.

Ẹni tó wá nílò ni ẹni tí ìrísí ẹ̀ máa fi àwọn tó wà níta lọ́kàn balẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú, tí kò ní ọmọ ogun, tí kò ní ọmọlẹ́yìn ní ìgboro, àmọ́ tí bánkì òkèèrè mọ orúkọ ẹ̀. Ní January 1993 ló dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, Transitional Council, ó fi Ṣónẹ́kàn ṣe alága, wọ́n ní òun ni olórí ìjọba. Olórí ìjọba, Babangida sì ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, National Defence and Security Council táwọn ṣójà kún inú ẹ̀ sì wà lókè orí wọn méjèèjì. Kí ni olórí ìjọba wá ń ṣe? Bájẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ ajé. Ìyẹn náà ló sì mọ̀ ọ́n ṣe, ká má parọ́ mọ́ ọn. Oṣù kejì ọdún yẹn, nígbà tó ṣì wà níbẹ̀, ni wọ́n ṣe Nigerian Economic Summit àkọ́kọ́, tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jọ jókòó sójú kan. Summit yẹn kò kú o, wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní, tí wọ́n bá sì ní kí n mú nǹkan kan tó fi sílẹ̀ tó ṣiṣẹ́, òun ni mo máa mú.

Ẹ má pọ́n ọn lé fún wa jàre! Ọ̀dàlẹ̀ ni. Ọmọ Ẹ̀gbá bíi tiẹ̀ wọlé ìbò, ó lọ jókòó sórí àga ẹni ẹlẹ́ni. Kẹ́ ẹ má tún sọ fún wa pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. – Ọmọ Gbágùrá, Abẹ́òkúta

Ọmọ Gbágùrá, mo gbọ́ ẹ. Inú tó ń bí ẹ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà fáwọn tí ò tíì dáyé nígbà yẹn.

June 12, 1993, MKO Abíọ́lá ti SDP àti Bashir Tofa ti NRC ni wọ́n jọ du ipò ààrẹ. Abíọ́lá ní ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, Tofa ò pé mílíọ̀nù mẹ́fà, kódà ní Kano tó jẹ́ ìlú Tofa, Abíọ́lá ló wọlé. Ní June 23 ni wọ́n wá wọ́gi lé e. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe kéde ẹ̀: bébà lásán kan ni, kò ní àkọlé ìjọba lórí, kò ní ọjọ́, ẹnì kankan ò fọwọ́ sí i. Akọ̀ròyìn igbákejì ààrẹ ló pín in fáwọn oníròyìn. Ìbò tí mílíọ̀nù mẹ́rìnlá èèyàn tò sínú oòrùn dì, bébà tí ò lórúkọ ló pa á. Ìlú gbóná, wọ́n pa èèyàn ní títì Èkó, Abíọ́lá sá jáde lọ sókè òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Babangida rí i pé àwọn ṣójà ẹgbẹ́ òun gan-an ti fẹ́ kó lọ, ló bá ní òun yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní August 26, ó wá gbé ìjọba fìdíhẹ fún Ṣónẹ́kàn.

Wàyí o. Àwọn tó ń gbèjà ẹ̀ máa ń sọ pé ká ní kò gbà á ni, Babangida ò bá má lọ, tàbí ṣójà míì ì bá ti gbà á lọ́jọ́ yẹn náà. Ó ṣeé ṣe. Wọ́n tún ń sọ pé ó tú àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ sílẹ̀ látìmọ́lé, bíi Gani Fawẹhinmi, Beko Ransome-Kuti àti Fẹ́mi Fàlànà, òótọ́ ni ìyẹn. Ó sì ṣètò ìdìbò tuntun sí February 1994. Ìdìbò tuntun yẹn gan-an ni mi ò lè gbà fún un. Ìdìbò ti wáyé, ẹnì kan ti wọlé, o wá ń sọ pé kí wọ́n lọ tún un dì, ìyẹn túmọ̀ sí pé ìwọ náà ti fọwọ́ sí bébà tí ò lórúkọ yẹn, ìwọ tó o jẹ́ lọ́yà, tó o ti fi ọdún gbọọrọ ka ìwé àdéhùn.

Mi ò ní pè é ní ọ̀dàlẹ̀, torí ọ̀dàlẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wà nínú ẹgbẹ́ ẹni tó dà, òun kò sì sí nínú ẹgbẹ́ Abíọ́lá rí. Ọmọ Ẹ̀gbá méjèèjì, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńlá méjèèjì, ọdún kan ló wà láàárín ọjọ́ ìbí wọn, àmọ́ wọn ò jọra rárá. Abíọ́lá bẹ̀rẹ̀ láti inú òṣì, ó di àkáńtáǹtì, ó di ọ̀gá ITT, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ti Amẹ́ríkà, ní Nàìjíríà, ó dá ìwé ìròyìn Concord sílẹ̀ ní 1980, ó ní oko, ó ní báàlúù, ó ń kọ́ mọ́ṣáláṣí, ó ń náwó fún ṣọ́ọ̀ṣì, kò síbi tí kò ti lọ ṣe fáàrí láti Sókótó dé Calabar. Ó máa ń sọ òwe títí èèyàn á fi rẹ́rìn-ín kú. Òun ní èèyàn. Ṣónẹ́kàn ní kòótù àti táì tó mọ́ kedere, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó bọ́ sórí àga yẹn ní oṣù kẹjọ, Ẹ̀gbá ò tẹ̀ lé e, Yorùbá ò tẹ̀ lé e, Òkè Ọya ò mọ̀ ọ́n, àwọn ṣójà ò kà á sí. Ta ló kù?

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n já báàlúù gbà nítorí ìjọba ẹ̀? – Dẹ́rẹ́bà, Ṣàgámù

Òótọ́ ni. October 25, 1993, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan já báàlúù Nigeria Airways tó ń lọ sí Abuja láti Èkó gbà, wọ́n ní kó balẹ̀ sí Niamey ní Niger. Wọ́n ní kí ìjọba fìdíhẹ kúrò kí wọ́n gbé ìjọba fún Abíọ́lá. Àwọn ṣójà Niger ló wá kọ lu báàlúù náà níkẹyìn tí wọ́n sì mú àwọn ọmọ náà, ẹ̀mí sì bọ́ síbẹ̀. Bí ìlú ṣe rí nìyẹn o, àwọn ọmọ kéékèèké ń já báàlúù.

Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi máa ń sọ pé Ṣónẹ́kàn ló sọ epo di ọ̀wọ́n. Èló ló fi kún un? – Wákè, Òṣogbo

70 kọ́bọ̀ ni lítà epo bẹntiróòlù, ó sọ ọ́ di náírà márùn-ún. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìbẹ̀rẹ̀ November 1993. Ṣe ìṣirò ẹ̀, ó lé ní ìlọ́po méje.

Ibí yìí gan-an ni mo ti máa ń rí ọ̀gá UAC tó wà nínú ẹ̀. Tó o bá wò ó lórí bébà, kò burú: ìjọba ń ta epo ní iye tí kò tó iye tó ń ná an, àwọn onífàyàwọ́ ń gbé e sọdá ibodè lọ tà, àpò ìjọba sì ti lu jára. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó bá rí ọjà tó ń pàdánù báyìí, á gbé owó lé e, bọ́ọ̀dù á fọwọ́ sí i, ó parí. Àwọn oníbàárà á kùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ ìjọba kì í ṣe bọ́ọ̀dù. Kí ọlọ́kọ̀ tó máa gbé ẹ láti Òṣogbo lọ Ìbàdàn tó gba owó tuntun lọ́wọ́ ẹ, ó ní láti jẹ́ pé o gbà pé ẹni tó fi kún un lẹ́tọ̀ọ́ láti fi kún un. Ta ló yàn án? Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC ní ká lọ sílé, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ ní November 15. Bánkì tì, ọ́fíìsì tì. Nígbà tí Abacha wá gba ìjọba, ọ̀kan nínú nǹkan àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó já epo wálẹ̀ sí ₦3.25, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Abacha! Wàá rò pé mò ń ṣàwàdà.

Olóòtú ọ̀wọ́n, lọ́yà ni mí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàlàyé ẹjọ́ tí wọ́n fi sọ pé ìjọba yẹn ò bófin mu, àti bí Abacha ṣe lé e. – Òǹkàwé, Ìkẹjà

Lọ́yà, ẹ tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, àmọ́ fún àwọn tó kù. Decree 61, ìyẹn òfin tí ìjọba ológun gbé jáde, ni Babangida fi dá ìjọba fìdíhẹ sílẹ̀. Abíọ́lá gba kóòtù lọ, ẹjọ́ sì bọ́ sọ́wọ́ Adájọ́ Dọlápọ̀ Akínsànyà ní ilé ẹjọ́ gíga Èkó. Ohun tí adájọ́ wò rọrùn débi pé ó dùn: kí Babangida tó fọwọ́ sí Decree 61, ó ti fọwọ́ sí Decree 59 tó gba agbára lọ́wọ́ òun fúnra ẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní agbára mọ́ ló ṣe òfin tó gbé Ṣónẹ́kàn wọlé. November 10, 1993, obìnrin náà dájọ́ pé ìjọba yẹn ò bófin mu. Ìjọba ní àwọn máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àmọ́ gbogbo ìlú ti gbọ́. Ẹ dẹ̀ wò ó bó ṣe tò tẹ̀ léra wọn: ọ̀sẹ̀ yẹn náà lowó epo fò sókè, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni kóòtù ní ìjọba kì í ṣe ìjọba, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìyanṣẹ́lódì.

Ìlà kan tún wà nínú Decree 61 yẹn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí olórí ìjọba fìdíhẹ bá kú tàbí ó fipò sílẹ̀, mínísítà tó bá dàgbà jù nípò ló máa gba ìjọba. Nígbà tí Babangida ń lọ, ó kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ṣójà dání lọ sí ìfẹ̀yìntì, àmọ́ ó fi ẹnì kan sílẹ̀ nínú ìjọba: Sani Abacha, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ààbò. Òun ló dàgbà jù níbẹ̀. Ṣé lọ́yà tó fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ka ìwé àdéhùn ní UAC ò rí ìlà yẹn ni? Mo ti ro ó títí. Ìwé tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ pé kó fi ṣèjọba, orúkọ ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ti wà nínú ẹ̀, kò kàn dárúkọ ni. Ó sì jókòó pẹ̀lú Abacha nínú ìpàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

November 17, Abacha àtàwọn ọ̀gágun tó kù lọ bá a ní Abuja. Wọn ò yìnbọn, kò sí ariwo. Wọ́n kéde pé ó ti fipò sílẹ̀. Abacha wá bá aráàlú sọ̀rọ̀, ó tú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ká, ó yọ àwọn gómìnà, ó fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì. Látorí August 26 dé November 17, ẹ kà á fúnra yín.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ò yẹ kí wọ́n máa fi oníṣòwò ṣe olórí orílẹ̀-èdè? Èmi rò pé wọ́n mọ owó lò ju àwọn olóṣèlú lọ. – Ọmọge Ìjẹ̀bú

Ọmọge, ìyẹn ọ̀rọ̀ ńlá, máa mú àpẹẹrẹ méjì nílẹ̀ Áfíríkà ká má bàá lọ jìnnà. Patrice Talon ní Bẹ̀nẹ̀, ìtòsí wa níbí, òwú ló fi lówó, òun ló ń náwó ìpolongo fún Boni Yayi, wọ́n jà, wọ́n ní ó fẹ́ fún ààrẹ ní májèlé jẹ, ó sá lọ Faransé, wọ́n dárí jì í ní 2014, ó wá padà wálé, ó du ìdìbò, ó wọlé ní 2016. Marc Ravalomanana ní Madagascar, wàrà dídì ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà lórí kẹ̀kẹ́, ó sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ Tiko, ó ṣe olórí ìlú Antananarivo, ó di ààrẹ ní 2002. Wọ́n mọ owó lò o. Àmọ́ Ravalomanana ò yé ta wàrà nígbà tó dé ìjọba, àwọn èèyàn ò mọ ibi tí Tiko parí sí tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ mọ́, wọ́n fi ìyẹn bá a jà, ìlú dàrú, àwọn ṣójà gbè sẹ́yìn ẹlòmíì, ó sá ní 2009. Talon ní tiẹ̀, àwọn alátakò ẹ̀ pariwo títí pé ó ti dí gbogbo ọ̀nà mọ́ àwọn.

Wàhálà tiwọn yàtọ̀ pátápátá sí ti Ṣónẹ́kàn. Àwọn yẹn ní agbára jù, òun ò ní rárá. Ẹnikẹ́ni ò fi ẹ̀sùn kan Ṣónẹ́kàn pé ó kó owó ìjọba sí UAC. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá bi mí, mi ò ní bi oníṣòwò pé ṣé ó mọ owó lò. Máa bi í pé ta ló gbé e wá, àti pé tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́ lọ́la, ta ló máa jáde síta nítorí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní June 12 ò sí mọ́, àwọn èèyàn jáde nítorí Abíọ́lá, àwọn kan kú. Nígbà tí wọ́n yọ Ṣónẹ́kàn, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Kí ló wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn? Ṣé ó wọ ilé lọ ni, ṣé wọ́n sì kà á sí olórí tẹ́lẹ̀? – Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Adó-Èkìtì

Kò wọlé lọ o, Tíṣà. Ẹ̀ẹ́ yà yín lẹ́nu, Abacha tó yọ ọ́ yẹn náà ló tún pè é ní 1996 pé kó wá ṣe alága ìgbìmọ̀ Vision 2010, àwọn tó lé ní igba èèyàn, kí wọ́n kọ ìwé sílẹ̀ lórí bí Nàìjíríà ṣe máa rí tó bá di 2010. Ó gbà. Wọ́n parí ẹ̀ ní 1997, ìwé tó ki, wọ́n kó àlàyé ọ̀rọ̀ ajé sínú ẹ̀ gan-an, Abacha kú ní oṣù kẹfà 1998, oṣù tó tẹ̀ lé e ni Abíọ́lá kú sí àtìmọ́lé, ìwé náà wà ní ibi tí wọ́n gbé e sí. Mo mọ àwọn tínú ń bí pé ó lè bá Abacha ṣiṣẹ́. Èmi ò rí nǹkan ìyàlẹ́nu níbẹ̀, ẹni tó ti ń ṣe é bọ̀ láti 1964 ni, tí ọ̀gá bá ti ní iṣẹ́ wà, ó máa ń lọ ṣe é, ó sì máa ń ṣe é dáadáa. Nígbà Yar'Adua, ní 2008, wọ́n tún fi í ṣe alága bọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àdéhùn láàárín ìjọba àtàwọn oníṣòwò lórí ọ̀nà, èbúté àti irú ẹ̀, ICRC. Tí wọ́n bá fún mi láàyè, iṣẹ́ yẹn ni ǹ bá kọ́kọ́ gbé fún un látìbẹ̀rẹ̀, àdéhùn ni, bébà ni, kò sí ẹni tó ń bi í pé ta ló dìbò fún un.

Wọ́n kà á sí olórí tẹ́lẹ̀ o. Ìwé òfin wa ní gbogbo ẹni tó bá ti ṣe ààrẹ tàbí olórí ìjọba àpapọ̀ rí ló máa wà nínú Council of State, òun náà sì máa ń jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú Gowon, Ọbásanjọ́, Bùhárí àti Babangida. Nínú gbogbo àwọn tó ti ṣe olórí ìjọba àpapọ̀ ní Nàìjíríà, òun nìkan ni kò wọṣọ ṣójà tí aráàlú ò sì dìbò yàn. January 11, 2022 ló kú sí Èkó, ẹni ọdún 85.

Àwọn lẹ́tà tó kù nípa Abíọ́lá àti ITT, a ti rí wọn, àwọn ló kàn.